Oríkì Baba Tó Dá Ilé Ìwé Sílẹ̀

"Ẹ jọ̀ọ́, Miss Bethany, kí gan-an lọkùnrin yìí ń ṣe jẹun?"

Àsúmáù ló béèrè. Abẹ́ àwòrán ńlá tó wà nínú gbọ̀ngàn ilé ìwé Nusaybah ọmọ ẹ̀ ló dúró sí. Ilé ìwé ìjọba ni o, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tó ti wà. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣèrántí baba tó dá a sílẹ̀, tọdún yìí ni wọ́n wá ní kí Àsúmáù fi oríkì Yorùbá yẹ́ ẹ sí. Wọ́n gbọ́ òkìkí ẹ̀ ni. Kò sí ìsọmọlórúkọ tí àwọn Yorùbá máa ṣe ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, tí wọn ò ní pè é kó wá ki ọmọ tuntun. Inú ẹ̀ dùn débi pé ó ti fi voice note ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí. Ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un: béèrè iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn kó o tó ya ẹnu kì í.

Bethany, tíṣà tó ń ṣètò ọjọ́ náà, rẹ́rìn-ín, ó fi òyìnbó fèsì. "Oníṣòwò ni. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ń kó ṣúgà. Aláàánú èèyàn!"

Ni Àsúmáù bá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó lẹ́nu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. "Ọlọ́kọ̀ tí í ré òkun kọjá, baba tó fi ṣúgà mú ẹnu àlejò dùn..."

Nusaybah fà á láṣọ. "Mummy, stop. Kì í ṣe sugar nìkan."

"Kí ló tún ń kó?"

"People. Àwọn èèyàn wa. Ó ń rà wọ́n ní Africa, ó ń lọ tà wọ́n. They taught us."

Àsúmáù yíjú sí Bethany. Ó rò pé á ní irọ́ ni.

"Oh, ìyẹn," ni Bethany wí, ó ń to ife sórí tábìlì. "A ò fi pa mọ́ o. Oṣù October, oṣù ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú, la máa ń sọ̀rọ̀ ìyẹn. Tòní, ọjọ́ ìdùnnú ni."

Oṣù October! Àfi bí ẹni ń sọ ọjọ́ tí káńsù ń wá kó ìdọ̀tí.

Ibi tó ti ń rò ó lọ́wọ́ ni wọ́n gbé kéèkì wọlé. Ojú baba náà ni wọ́n yà sí i, ètè pupa yòò. Ìyá kan gé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó nà án sí Àsúmáù. Kò gbà á. Àní gbogbo oríkì tó ti ń tò bọ̀ ló kan mọ́ ọn lẹ́nu bí ọbẹ̀ àná.

Dáúdà ọkọ ẹ̀, tó ti shift ibi iṣẹ́ dé tààrà, sún mọ́ ọn. "Ìyá Nusaybah, rọra o. Head girl tọ́mọ yìí ń wá, àwọn yìí náà ló máa yàn án. Sáà ki òkú yẹn ká máa lọ sílé. Ta ló gbọ́ Yorùbá níbí?"

"Èmi gbọ́ ọ."

Àsúmáù wo ọmọ ẹ̀. "Ìwọ ńkọ́?"

"I don't know, Mummy." Nusaybah ń fi ẹsẹ̀ ha ilẹ̀. "Mo fẹ́ head girl yẹn gan-an o."

Wọ́n pè é. Ó gba máìkì, ó gbójú sókè wo àwòrán náà. Ló bá kẹ̀yìn sí i, ó kọjú sí ibi tí ọmọ ẹ̀ jókòó sí, ó fi orúkọ oríkì ẹ̀ pè é.

"Àbẹ̀kẹ́ mi! Ọmọ ẹni tí wọn ò rí rà, ọmọ ẹni tí wọn ò rí tà! Ọmọ a-fẹsẹ̀-ara-ẹ̀-wọ̀lú-Lọ́ńdọ̀nù! Kò sẹ́ni tó dì ọ́ lókùn wá síbí, Àbẹ̀kẹ́, dìde kí n rí ọ!"

Nusaybah tó máa ń fọwọ́ bojú bí ìyá ẹ̀ bá kì í lójú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó dìde. Ó kúnlẹ̀ láàárín àga, tòun ti yúnífọ́ọ̀mù.

Àtẹ́wọ́ sọ. Àwọn kan ń na ife sókè sí àwòrán. Bethany ń yọ̀ ṣìnkìn, ó sáré gbé máìkì wá bá ọmọ lórí ìkúnlẹ̀.

"Ó mà dùn o! Nusaybah, túmọ̀ ẹ̀ fún wa. Kí ni Mummy sọ nípa baba wa?"

Dáúdà ń mi orí sí i látẹ̀yìn pé má sọ ọ́. Nusaybah gba máìkì.

"Kì í ṣe òun ni Mummy mi ń kì," ó wí. "Èmi ni."