Ṣòkòtò Tí Kò Fún Bákannáà

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni aránṣọ kan fi ń tú ìbàdí ṣòkòtò ọkọ rẹ̀, tí ọkọ kò sì fura. Káfíńtà ni ọkọ. Bákannáà ni àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí ìjókòó tí kò ti ní fọ́nnu pé bí òun ṣe rí lọ́jọ́ ìgbéyàwó ni òun ṣe rí títí dòní. Ẹ̀rí rẹ̀ ni ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ṣì ń wọ̀ ọ́, ó sì ṣì bá a mu.

Ìyàwó ló mọ ohun tó ń jẹ́ kó bá a mu. Nígbà tí ṣòkòtò náà kọ́kọ́ fún ọkọ, kò gbà pé òun ló sanra. Ó jù ú lu ìyàwó lójú, ó ní ìránkúrán ló rán, ó sì fi ọjọ́ mẹ́rin yàn án lódì. Láti ìgbà náà, bó bá ti tún fẹ́ fún, ìyàwó á tú u, á fi aṣọ díẹ̀ kún un níbi tí bẹ́líìtì á bò, á rán an padà, á lọ̀ ọ́, á sì gbé e kọ́. Ìbẹ̀rù ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ìkà ló fi ń ṣe é. Bí ọkọ bá pè é ní Àgbá níwájú àwọn oníbàárà, tó ní òun ò ní pẹ́ kan ilẹ̀kùn tó fẹ̀ jù báyìí lọ fún un, á rẹ́rìn-ín sínú pé, máa yangàn lọ.

Ìgbà tí wọ́n rí kókó nínú ìfun ẹ̀gbọ́n ọkọ ni dókítà ní kí àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá ṣe àyẹ̀wò. Tọkọtìyàwó lọ. Nọ́ọ̀sì wọn Bákannáà, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣàlàyé pé bí ènìyàn bá ń sanra sí i láti ìgbà ọ̀dọ́, ó máa ń fi kún ewu kí irú kókó bẹ́ẹ̀ hù, pé kì í dunni, pé òmíràn sì lè di jẹjẹrẹ bó bá pẹ́. Èrò pọ̀, àwọn tó ti sanra gan-an ju ti ìgbà ọ̀dọ́ wọn lọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò, àwọn yòókù á dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ó wá bi ọkọ pé báwo ni ara rẹ̀ ṣe rí nígbà tó gbéyàwó.

Ọkọ ní bákan náà ni. Ó gbá ìbàdí ṣòkòtò aláwọ̀ eérú tó wọ̀, ó ní kí nọ́ọ̀sì fojú ara rẹ̀ rí i. Nọ́ọ̀sì gbé bírò.

Ìyàwó wo bírò náà. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Olúwa, má jẹ́ kí n fi ẹnu dídì pa ènìyàn.

"Ẹ dákun, nọ́ọ̀sì, ẹ má tíì kọ ọ́."

"Àgbá, jókòó," ni ọkọ wí.

Kò jókòó. Ó gbá ìbàdí ṣòkòtò náà mú, ó yí i síta: aṣọ dúdú, aṣọ búlúù, òwú oríṣi mẹ́rin. "Ìbú ìka mẹ́jọ ni mo ti fi kún un. Èyí, ọdún tí mo bí àbígbẹ̀yìn. Èyí, ọdún tó kọjá."

Ojú ọkọ ràn bí iná. "O wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Baba wọn. Ẹ lọ dùbúlẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ yín wò. Bí a bá délé, ẹ bú mi tẹ́rùn."

Wọ́n rí kókó mẹ́ta. Wọ́n gé wọn. Dókítà ní èyí tó tóbi jù kò tíì di jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ọ̀nà ibẹ̀ ló dorí kọ. Ó ní kí ọkọ dín ara kù, kó sì padà wá bí ọdún bá yípo.

Kò dúpẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ó kó gbogbo ṣòkòtò rẹ̀ sọdá títì, ó gbé wọn lọ bá télọ̀ tó ń bá ìyàwó rẹ̀ du oníbàárà. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, níbi tí ìyàwó á ti rí i láti ìsọ̀ rẹ̀, ó ní kí wọ́n wọn òun, kí wọ́n sì ka iye rẹ̀ sókè.

Ìyàwó gbọ́ iye náà kedere. Gbogbo títì gbọ́ ọ. Télọ̀ béèrè bóyá kí òun fi aṣọ díẹ̀ pamọ́ sínú, nítorí ọjọ́ iwájú.

"Má fi nǹkan kan pamọ́ sínú rẹ̀," ni ọkọ wí, kò sì yí ojú kúrò lára ìyàwó. "Bó bá fún mi, jẹ́ kó fún mi."