Ẹnu Mi Ló Fẹ́ Ba Ẹjọ́ Ẹsẹ̀ Mi Jẹ́

Lọ́yà ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Kì í ṣe pé mo kàwé òfin o. Páálí ni mò ń tò ní ilé ìkẹ́rùsí, ilé gbọọrọ kan tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ páànù, tí ooru inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yan ẹ̀pà. Wọ́n sọ mí ní Lọ́yà nítorí pé kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n lè sọ kí n má ní èsì sí i. Bí ẹnì kan bá ní òjò fẹ́ rọ̀, màá bi í pé ẹ̀rí wo ló ní. Orúkọ náà dùn mọ́ mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi bírò sí àpò àyà, bẹ́ẹ̀ mi ò ní ohunkóhun tí mo fẹ́ fi kọ.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ gun ẹsẹ̀ mi, àwíjàre ni mò ń ṣe lọ́wọ́. Fọ́kílíìfù ni ọkọ̀ náà, ọkọ̀ kúkúrú tó ní ìka irin méjì níwájú, òun la fi ń gbé ẹrù tó bá wúwo ju agbára èèyàn lọ. Ẹni tó ń wà á là ń pè ní Kò-Séwu, nítorí pé ohun tó máa ń sọ nìyẹn kí ewu tó dé. Fèrè tó yẹ kó máa ké bí ọkọ̀ náà bá ń fẹ̀yìn rìn ti bàjẹ́ tipẹ́. A sọ fún ọ̀gá, ọ̀gá ní àwọn tó máa tún un ṣe ń bọ̀ lọ́nà. Títí wọn yóò fi dé, ó ní kí Kò-Séwu máa fi ẹnu ara rẹ̀ ké. Báyìí ló ṣe di pé bí ọkọ̀ bá ń fẹ̀yìn bọ̀, "Píìn, píìn" tí wàá gbọ́, ẹnu àgbàlagbà tó ní ìyàwó nílé ló ti ń jáde. A fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, nígbà tó yá ó mọ́ wa lára.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, búrẹ́dì kún Kò-Séwu lẹ́nu, kò lè ké. Ọ̀nà tí wọ́n fi ọ̀dà sàmì sí nílẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má dúró sí, ibẹ̀ gan-an ni èmi náà dúró sí, tí mò ń ṣàlàyé fún ẹnì kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ohun tí òfin sọ nípa ààbò òṣìṣẹ́. Mi ò tíì ṣàlàyé dé ìdajì nígbà tí táyà ẹ̀yìn gun ẹsẹ̀ òsì mi. Wọ́n ní ohun tí mo kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ n parí ọ̀rọ̀ mi ná." Mi ò rántí, ṣùgbọ́n mi ò lè bá wọn jiyàn, ó jọ ohun tí mo lè sọ.

Dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ, ó fi irin to eegun náà pọ̀. Ó ní iṣẹ́ abẹ kejì ṣì kù, pé bí wọn ò bá ṣe é, bí ẹsẹ̀ náà ṣe wọ́ yẹn ni yóò ṣe máa wà títí ayé. Owó rẹ̀ kọjá agbára mi. Ilé iṣẹ́ adójútòfò tí ọ̀gá wa ń sanwó fún ló yẹ kó gbọ́ bùkátà rẹ̀. Gbogbo ohun tí mò ń fẹ́ kò ju ìyẹn lọ, kí wọ́n gbà láti tún ẹsẹ̀ mi ṣe.

Àwọn adójútòfò wá rán ọkùnrin kan sílé wa. Ọmọlúàbí ni. Ó ti bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí n tó sọ fún un. Ó gbé fóònù sórí tábìlì, ó ní ṣé kò burú bí òun bá gba ohùn mi sílẹ̀, mo ní kò burú rárá. Inú mi tilẹ̀ dùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń sọ̀rọ̀, kò tíì sẹ́ni tó rò pé ó yẹ kí wọ́n tọ́jú rẹ̀.

"Ẹ kú ìnira o, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ẹ sì kú ewu. Ṣé ara ti le?"

Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi, kí lèèyàn ń sọ? Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi pé bí wọ́n bá kí mi, mi ò gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣòro mi sí ẹlòmíì létí. Ìyá mi, lọ́jọ́ tí ibà dá a wólẹ̀ tí kò lè gbórí, wọ́n bi í pé ara ńkọ́, ó ní a dúpẹ́ pé kò ju báyìí lọ.

"A dúpẹ́," mo ní. "Ara ti le koko."

"Ẹsẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹsẹ̀ wo? Ẹ jẹ́ kí iná ṣẹ́ yọ nílé yìí, ẹ ó rí i pé màá sá ju onílé lọ."

Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, mo rò ó pé kò bójú mu kí àlejò dá sọ̀kalẹ̀ láti òkè kẹta. Mo fi ọ̀pá mi sẹ́yìn ilẹ̀kùn, torí pé ọ̀pá kì í jẹ́ kí èèyàn níyì lójú àlejò, mo sì sìn ín dé ìta. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni mò ń bá a sọ bá a ṣe ń lọ. Nígbà tó wọkọ̀ lọ tán, mo di ògiri mú, omi ń bọ́ lójú mi, mi ò sì lè gbẹ́sẹ̀. Ìyàwó mi bi mí pé kí ló dé tí mo pẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo ní afẹ́fẹ́ ni mò ń gbà.

Àlejò nìkan kọ́ ni mò ń ṣe é fún. Ọmọbìnrin mi, àbígbẹ̀yìn tí eyín rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, èmi ni mo máa ń gbé e gun àtẹ̀gùn lálaalẹ́ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Yóò dúró dè mí nísàlẹ̀, yóò na ọwọ́ méjèèjì sókè. Lẹ́yìn jàǹbá náà, ó ṣì ń nawọ́. Mo wá sọ fún un lọ́jọ́ kan pé ó ti dàgbà jù, pé ta ló ń gbé àgbàlagbà kiri. Àwàdà ni mo fi ṣe. Kò nawọ́ sí mi mọ́.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi pè mí lórí fóònù. "Lọ́yà, wọ́n ní ara ẹ ti le. Wọ́n fún mi ní ohùn ẹ, mo gbọ́ ọ. Wọn ò ní sanwó iṣẹ́ abẹ kankan mọ́ o. Máa bọ̀ níbi iṣẹ́."

Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Tèmi kò dúró ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó gba àyà kọjá, ó balẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo wá agbẹjọ́rò gidi lọ.

Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, bó o bá jókòó, wàá máa gbọ́ kíkùn ẹ̀rọ ìgẹrun lábẹ́ àga rẹ. Obìnrin ni, mo fi ọjọ́ orí jù ú lọ dáadáa, mo sì ti múra láti ràn án lọ́wọ́.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Báwo lara?"

"A dúpẹ́. Ara ti le."

Ó fi bírò rẹ̀ sílẹ̀, ó wò mí. "Ara ti le, kí lẹ wá wá lọ́dọ̀ mi?"

Mo rojọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ibi tí mo dúró sí. Ó ní ọ̀nà àkọ́kọ́ ni owó ìtọ́jú ẹni tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́. "Wọn kì í béèrè ẹni tó jẹ̀bi níbẹ̀," ó ní. "Kódà bó jẹ́ ijó lẹ̀ ń jó lójú ọ̀nà ọkọ̀, bẹ́ ẹ bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tọ́jú yín."

"Mi ò jó o. Òfin ni mò ń ṣàlàyé."

"Ìyẹn burú ju ijó lọ, sà." Kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀nà kejì, a lè pe ọ̀gá yín lẹ́jọ́ torí fèrè tí wọ́n mọ̀ pé ó bàjẹ́ tí wọn ò tún ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti pe àwọn tó gba iṣẹ́ àtúnṣe ọkọ̀ náà tí wọn ò wá, a lè pe àwọn náà. Àmọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́, wọ́n á sì bi yín ìdí tẹ́ ẹ fi dúró síbẹ̀."

"Kò-Séwu ńkọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n lé e. Òun ló gbé mi lọ sí ọsibítù, ó ń sunkún, búrẹ́dì ṣì wà lẹ́nu ẹ̀."

"Ọ̀gá ló ní kó máa fẹnu ṣe fèrè. Ọ̀gá là ń bá wí." Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ yín ò lè dúró de ẹjọ́ tó máa pẹ́. Ọ̀nà àkọ́kọ́ la máa gbà ná. Ohùn yín nìkan ló dí wa lọ́nà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbìyànjú ẹ̀ wò. Báwo lẹsẹ̀?"

"Ó ń . . . ó ń gbìyànjú."

"Ẹ sọ pé ó ń dùn mí."

"Kò burú jù."

Bá a ṣe wà níbẹ̀ nìyẹn títí onígbàjámọ̀ fi ń tilẹ̀kùn. Èmi tí mi ò kì í pàdánù àríyànjiyàn, mi ò lè sọ gbólóhùn tí ọmọ ọwọ́ ń fi ẹkún sọ.

Kóòtù kọ́ la lọ, ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ẹjọ́ owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ni, yàrá rẹ̀ kò sì tóbi ju pálọ̀ lọ. Ìyàwó mi jókòó lẹ́yìn, ó ti dá iṣẹ́ ìránṣọ dúró nítorí mi. Adájọ́ jẹ́ bàbá arúgbó kan tó rọra ń sọ̀rọ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o," ó ní. "Ṣé àlàáfíà lẹ wà?"

"Àlàáfíà ni, sà."

Agbẹjọ́rò mi tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì. Ọpẹ́ ni pé ẹsẹ̀ tó dára ló bá.

Wọ́n tan ohùn mi. Mi ò ní parọ́, ohùn náà dùn. Nígbà tó dé ibi tí mo ti ní màá sá ju onílé lọ, ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí n yíjú kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Adájọ́ bi mí bóyá irọ́ ni mo pa fún ọkùnrin náà.

"Mi ò parọ́, sà. Ó kí mi ni, mo sì dá a lóhùn. Ẹ̀yin náà kí mi lẹ́ẹ̀kan, mo ní àlàáfíà ni, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ mi ti ń jó mi látìgbà tí mo ti gun àtẹ̀gùn yín."

Bàbá náà yọ awò ojú rẹ̀. "Ó dáa. Mi ò kí yín mọ́. Mò ń bi yín ni. Kí lẹ máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tẹ́ ẹ ò lè ṣe mọ́?"

Agbẹjọ́rò mi ti kọ́ mi ní èsì: ìdúró pípẹ́, ẹrù gbígbé. Gbogbo rẹ̀ fò lọ mọ́ mi lórí.

"Mi ò lè gbé ọmọ mi mọ́, sà," mo ní. "Mo sọ fún un pé ó ti dàgbà jù. Kò dàgbà jù. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Bí mo bá dúró ó ń dùn mí, bí mo bá sùn ó ń dùn mí."

Ohùn mi kò dùn mọ́ rárá. Mo sunkún níbẹ̀, níwájú àwọn tí mi ò mọ̀ rí.

Adájọ́ ka ìwé dókítà mi. Ó bi àwọn adójútòfò bóyá wọ́n rán dókítà tiwọn láti yẹ ẹsẹ̀ náà wò, wọ́n ní rárá. "Ẹ rán ẹni tó mọ̀ ọ́n kí," ó ní, "ẹ ò rán ẹni tó mọ̀ ọ́n wò." Ó pàṣẹ pé kí wọ́n san owó iṣẹ́ abẹ náà. Ó ní ti fèrè, bá a bá fẹ́, kí á gbé e lọ sí kóòtù.

Mo rò pé ìyàwó mi yóò bá mi yọ̀ nígbà tá a jáde. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Ó bi mí," ó ní.

"Ta ni?"

"Ọmọ yín. Ó bi mí pé kí lòun ṣe fún yín. Mi ò rí nǹkan kan sọ fún un, torí pé gbogbo ìgbà tí mo bá bi yín, ara yín ti le."

Mo ní ká máa lọ sílé.

Ọmọ náà wà nísàlẹ̀ nígbà tá a délé, ó fara ti ògiri, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo na ẹsẹ̀ síta, mo pè é. Mo sọ fún un pé irọ́ ni mo pa, pé kò tóbi jù, pé ẹsẹ̀ mi ló ń dùn mí tí mi ò lè gbé e.

Ó wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. "Kì í ṣe pé mo ṣẹ̀ yín?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Ṣé ó ń dùn yín báyìí?"

"Ó ń dùn mí gan-an," mo ní.

Ó jókòó tì mí. A ò tètè gòkè lọ́jọ́ náà.