Aṣọ Ìyàwó Màmá Òkè

Ìsàlẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ wà. Tọkọtaya àgbàlagbà kan ń gbé lókè, àwa ará ilé sì ń pè wọ́n ní Bàbá Òkè àti Màmá Òkè. Wọ́n dàgbà lóòótọ́, àmọ́ ara wọn le koko bí ọta. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń gùn kiri àdúgbò. Nígbà tí ọkọ mi já mi jù sílẹ̀, àwọn ló ń fà mí lọ sókè lọ jẹun. A ó jọ ta lúdò títí Màmá á fi pariwo pé, "Bàbá, ẹ tún ti rẹ́ wa jẹ!" Lójú tèmi, àtìgbà èwe ni wọ́n ti fẹ́ra wọn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Màmá wọlé, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mi.

"Bá mi rán gáùn, ọmọ mi. Ìgbéyàwó ni."

"Ta ló ń ṣègbéyàwó, Màmá?"

"Èmi ni."

Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ mi. "Ẹ̀yin kẹ̀? Bàbá ńkọ́?"

Màmá rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ògiri mú. "Bàbá náà ni mo ń fẹ́! Ta ló sọ fún ẹ pé a ti ṣe é?"

Mo jókòó gbì. Abẹ́rẹ́ tó wà lára aṣọ tí mo jókòó lé gún mi, n ò tiẹ̀ ké.

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọsibítù la ti pàdé," ni Màmá wí. "Ọkọ mi wà ní yàrá kan, ìyàwó Bàbá wà ní ìkejì. Bẹ́ǹṣì kan náà la jọ ń sunkún lé. Nígbà táwọn méjèèjì kú, Bàbá wá kí mi, èmi náà lọ kí wọn. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọmọ wa ló kọ̀, wọ́n ní ojú ń ti àwọn. A ti dúró dè wọ́n tó. Ìwọ ni ẹlẹ́rìí wa."

Mo lanu sílẹ̀, eṣinṣin ì bá wọ ibẹ̀. Èmi tí mo ti gbà pé ìfẹ́ tí mo pàdánù, omi tó dà nù ni!

Ní kóòtù lọ́jọ́ ìgbéyàwó, akọ̀wé ń wo ẹ̀yìn wa. "Ìyàwó dà?"

Bàbá gbé ọwọ́ Màmá sókè. "Òun rè é."

Akọ̀wé yíjú sí mi. Mo ní, "Má wò mí. Ó ṣì ń ya èmi náà lẹ́nu."

Bí wọ́n ṣe fẹ́ fọwọ́ síwèé, ilẹ̀kùn ṣí. Àkọ́bí Màmá ló wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Kò kí ẹnì kankan, ó lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá. Bàbá rọra di ọwọ́ Màmá mú títí wọ́n fi fọwọ́ sí i.

Ìgbà yẹn ni ọmọ náà dìde, ó wá kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀.

"Màmá," ó ní, "gáùn yìí mà yẹ yín o."

Màmá bú sẹ́kún.