Ìyá Ilẹ̀kùn àti Orúkọ Kẹtàdínlógún

4.

…orúkọ mẹ́tàdínlógún nínú ẹ̀rọ ìjábọ̀, tí àwọn tó ni wọ́n ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Kí olùtọ́jú àṣẹ yọ gbogbo wọn kó tó di aago mẹ́rin ọjọ́ Ẹtì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó wá sọ tẹnu ẹ̀ níwájú ìgbìmọ̀.
— Ẹ̀ka Àyẹ̀wò

5.

Obìnrin tí gbogbo iléeṣẹ́ búrẹ́dì ń pè ní Ìyá Ilẹ̀kùn ni olùtọ́jú náà. Òun ló ń sọ ẹni tó lè rí iye búrẹ́dì tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbé jáde, ẹni tó lè tún un kọ, àti ẹni tí ẹ̀rọ máa dá dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi yọ mẹ́rìndínlógún.

Ó wá ku ẹyọ kan. Ọwọ́ ẹ̀ kọ̀.

6.

ORÚKỌ ÌWỌLÉ: baba_nomba
IPÒ: Ọ̀gá Ìjábọ̀ (ó ti fẹ̀yìn tì, ọdún mẹ́ta)
ÀṢẸ: wíwò nìkan
Ó WỌLÉ KẸ́YÌN: òní, aago méje òwúrọ̀
ṢÁÁJÚ ÌYẸN: àná, aago méje òwúrọ̀
ṢÁÁJÚ ÌYẸN: ìjẹta, aago méje òwúrọ̀

7.

Ẹ̀bi ta ni? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ẹ̀bi tiẹ̀ ni. Ọjọ́ tí Bàbá Nọ́ńbà fẹ̀yìn tì ló yẹ kó tilẹ̀kùn mọ́ wọn. Ó gba gbogbo àṣẹ lọ́wọ́ wọn, ó wá fi wíwò sílẹ̀. Ó ní kó kàn wà bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ á fi parí.

Ọ̀sẹ̀ wo? Ọ̀sẹ̀ náà ò parí mọ́.

8. Ohun tó rántí (kò sí nínú ẹ̀rọ)

— Yàrá kékeré. Àga méjì. Fèrèsé tí kò ṣeé tì.

— Òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti ìsàlẹ̀. Ebi á ti máa pa àwọn méjèèjì.

— Bàbá, awò lójú: "Ìyàwó mi ní kí n kúkú lọ fẹ́ kọ̀ǹpútà."

— Bàbá, ìka lórí nọ́ńbà: "Ọmọ mi, èyí tí kò bá yí padà láti àná, ẹnì kan ló ń purọ́."

— Ọdún mọ́kànlá ló fi gbọ́ gbólóhùn yẹn láràárọ̀. Nígbà yẹn ó máa ń sú u. Ní báyìí àárò ẹ̀ ń sọ ọ́.

9. Ìpè, Ọjọ́bọ̀

ÌYÁ ILẸ̀KÙN: Àbúrò mi, ǹlẹ́ o. Bàbá ńkọ́?
ỌMỌ BÀBÁ: Wọ́n wà, ẹ̀gbọ́n mi. Ara le. Ìrántí ni ò sí mọ́. Lánàá wọ́n bi mí pé ọmọ ta ni mí.
ÌYÁ ILẸ̀KÙN: Áà! Olúwa ṣàánú.
ỌMỌ BÀBÁ: Àmọ́ tó bá ti di aago méje, wọ́n á wọ ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jókòó ti kọ̀ǹpútà, wọ́n á máa yẹ búrẹ́dì wò ní ẹ̀ka-ẹ̀ka. Nọ́ńbà nìkan ni wọn kì í gbàgbé. Wákàtí yẹn náà ni wọ́n máa ń pe orúkọ mi.
ÌYÁ ILẸ̀KÙN: Aago méje…
ỌMỌ BÀBÁ: Ẹ̀gbọ́n? Ṣé kò sí o?
ÌYÁ ILẸ̀KÙN: Kò sí, jàre.

10.

Ẹ kò ní àṣẹ láti rí abala yìí. (Ó sunkún níbẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.)

11.

Ọjọ́ Ẹtì, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. Tá a bá ń sunkún, a ṣì máa ń ríran. Ó ti ṣe ojú ìwé kan sọ́tọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, ó jọ ti iléeṣẹ́ gẹ́lẹ́. Ó kó nọ́ńbà ọjọ́ tí Bàbá fẹ̀yìn tì sínú ẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí ọmọ wọn pé ìyẹn ni kó máa ṣí fún wọn. Nọ́ńbà ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àṣírí wo ló kù níbẹ̀?

Ó wá tẹ YỌ KÚRÒ.

12.

Mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́tàdínlógún. Ẹ ṣeun fún ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yín.
— Ẹ̀ka Àyẹ̀wò

13. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:20

Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ti ṣí i! Inú wọn dùn. Wọ́n ní ẹ̀ka kẹta gbìyànjú. Ẹ ṣé gan-an.

14. Ọjọ́ Àìkú, 7:16 (ohùn Bàbá)

Ìyá Ilẹ̀kùn, ọmọ mi. Nọ́ńbà yìí ò yí padà láti àná. Kì í ṣe ẹ̀ka kan o, gbogbo wọn ni. Ẹnì kan ń purọ́ fún wa. Tètè bá mi wá a.

15.

Ìyá Ilẹ̀kùn ń kọ èsì…

Ìyá Ilẹ̀kùn ń kọ èsì…