Síbí Kejìlá

Ní wọ́ọ̀dù tí ilé-ẹjọ́ ń kó àwọn alárùn ọpọlọ tó ṣẹ̀ sófin sí, síbí lọ̀gá. Bí wọ́n bá jẹun ọ̀sán tán, nọ́ọ̀sì á kà á. Bí kò bá pé, géètì ò gbọdọ̀ ṣí fún ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe dókítà. Nọ́ọ̀sì Adùnọlá ti kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mọ́kànlá ni. Méjìlá ló pín.

Ọjọ́ ìkẹyìn rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ nìyẹn, lọ́dún tí ìjà Warri tún ru sókè. Ìbọn ti ń ró lápá Okere láti àárọ̀, nọ́ọ̀sì tó yẹ kó gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ò sì yọjú. Ta ló máa dá a lẹ́bi?

Fóònù dún. Ọlágbénró, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ni.

"Adùn, Airport Road ni mo wà. Dẹ́rẹ́bà ò lè dúró ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ, kò sí òmíràn tó máa kúrò ní Warri mọ́ o!"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń bọ̀."

Adùnọlá tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá síbí náà. Ó tú bẹ́ẹ̀dì, ó tú ìrọ̀rí, ó tú garawa ìdọ̀tí. Ọdún mẹ́fà! Àwọn aláìsàn bú u, wọ́n tutọ́ sí i lára, àwọn ọ̀gá ò kí i kú iṣẹ́ rí. Nílé, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: nọ́ọ̀sì wèrè, ìgbà wo ni tìẹ máa bẹ̀rẹ̀? Iṣẹ́ náà ti sú u pátápátá.

Ó ku Akínsànmí tí kò tíì yẹ̀ wò, ará Ìlàjẹ tó pa àbúrò rẹ̀ nígbà tí àìsàn náà dé sí i. Ọdún kan gbáko ni ò fi sọ̀rọ̀. Adùnọlá ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ. Akínsànmí jókòó, ó kọwọ́ bọ abẹ́ ẹ̀wù. Ẹ̀rù ba Adùnọlá.

"Akínsànmí, kí ló wà lọ́wọ́ ẹ?"

Ó yọ síbí jáde, ó nà án sí i.

"Sister, I no wan wound anybody. Ẹ ní ẹ ń lọ lónìí. Bí síbí ò bá pé, géètì ò ní ṣí. Ta ló máa wà pẹ̀lú wa?"

Ìbọn tún ró, ó ti súnmọ́ tòsí. Àwọn mọ́kànlá yòókù ń wò ó. Omi bọ́ lójú Adùnọlá. Láti ọdún mẹ́fà, ẹni àkọ́kọ́ nìyí tó bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ.

Fóònù tún ń dún. Gétímáànù ti mú kọ́kọ́rọ́ dání lẹ́nu géètì.

"Sister, spoon don complete? Make I open?"

Adùnọlá gba síbí náà, ó tì í bọ àpò yunifọ́ọ̀mù rẹ̀.

"E never complete," ó ní. "No open am."