Ìyàwó Mi Ò Gbà

“Àárín ni mo fi Bàbá sí,” ni ọkùnrin kan wí, ó ń nàka sí ojú tẹlifíṣọ̀n tó so mọ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀. “Ara Bàbá ni gbogbo ẹ̀ka yòókù ti yọ.”

Àbúrò rẹ̀ obìnrin, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé, bọ́ bàtà rẹ̀, ó sì tẹjú mọ́ àwòrán náà. Òbìrìkìtì aláwọ̀ búlúù kan wà láàárín, “Bàbá” ni wọ́n kọ sínú rẹ̀. Ẹ̀ka yọ lára rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì: olùtọ́jú, ilé àwọn arúgbó, ilé àbúrò mi, ilé mi.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ ro gbogbo èyí, Bọ̀dá mi?”

“Èmi àti ẹ̀rọ ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà mi ni. Wọ́n kọ́ wa níbi iṣẹ́. Tí ọ̀rọ̀ kan bá tà kókó, wàá sọ ọ́ fún un, òun náà á máa bi ọ́ ní ìbéèrè títí gbogbo èrò inú rẹ á fi jáde. Lẹ́yìn náà, á yà á fún ọ bí igi.”

Ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń pín ìrìn-àjò fún àwọn awakọ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Ọ̀gá Ètò nílé lóko. Kò sí ohun tí kì í ṣètò. Nígbà ìgbéyàwó rẹ̀, ó kọ ìgbà tí ọkọ ìyàwó máa rẹ́rìn-ín sínú ìwé ètò, àwọn ẹbí ò sì yé fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí di òní. Nígbà tí ọgbọ́n àtọwọ́dá wá dé ibi iṣẹ́ wọn, ayọ̀ rẹ̀ kún.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ yìí ju ti bọ́ọ̀sì lọ. Bàbá wọn gbé ìkòkò sórí gáàsì, ó gbàgbé, ó lọ sùn. Aládùúgbò ló já ilẹ̀kùn wọlé. Ògiri ilé ìdáná dúdú kanlẹ̀, ọpẹ́lọpẹ́ Ọlọ́run ni Bàbá ò fi fara pa. Láti ọjọ́ náà ló ti wà nílé Ọ̀gá Ètò, nínú yàrá àwọn ọmọ, tí gbogbo èèyàn ń sọ fún un pé kó sinmi díẹ̀. Kò sí ẹni tó láyà láti sọ fún un pé kò lè dá gbé mọ́. Ibo ni yóò wá máa gbé? Ohun tí wọ́n torí ẹ̀ jókòó nìyẹn.

“Ilé àwọn arúgbó ni ẹ̀rọ náà fara mọ́,” Ọ̀gá Ètò wí, ó ń wo ibòmíràn. “Ó ní òun ló bá ipò wa mu jù.”

Nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ nírú ilé bẹ́ẹ̀ rí, ó sì mọ bí àwọn arúgbó ṣe máa ń wo ẹnu ọ̀nà lọ́jọ́ Àìkú.

“Yàrá kan ṣoṣo lèmi ní,” ó wí, “iṣẹ́ alẹ́ ni mo sì ń ṣe jù.”

“Mo mọ̀. Mo ti sọ ìyẹn fún un.”

“Ilé tiyín ńkọ́? Kí ló dé tí ẹ̀ka tiẹ̀ kúrú báyìí?”

Àmì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ “ilé mi”, èyí tó fi hàn pé nǹkan ṣì wà tí wọ́n ká pa mọ́ síbẹ̀. Lójú Ọ̀gá Ètò, ohun tí wọ́n bá ti ká pa mọ́, kò sí ẹni tó máa rí i mọ́. Kó tó na ọwọ́, nọ́ọ̀sì ti tẹ àmì náà lórí kọ̀ǹpútà, ẹ̀ka náà sì ṣí gbayawu lójú tẹlifíṣọ̀n: “Ìyàwó mi ò gbà.” Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀rọ náà, ọmọlúàbí ẹ̀rọ, ti to àwọn ọ̀nà tí wọ́n lè gbà tù ú nínú: kí ọkọ fi sùúrù bá a sọ̀rọ̀, kí àwọn àgbà dá sí i, kí ẹnikẹ́ni má dá a lẹ́bi.

Ìgbà náà gan-an ni ìyàwó Ọ̀gá Ètò gbé omi wọlé fún wọn. Aránṣọ ni, òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ aṣọ rẹ̀. Ó ka ohun tó wà lójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì rọra gbé omi náà sílẹ̀.

“Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ìyàwó ta nìyẹn?”

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo obìnrin náà. “Ìyàwó wa, Bọ̀dá mi ti sọ fún mi lórí fóònù pé o ní o ò lè gba Bàbá sílé. Mo sì ti ń bá ọ bínú látọjọ́ yìí.”

“Abájọ tí ẹ kì í fi í gbé ìpè mi.” Ó kọjú sí ọkọ rẹ̀. “Ìgbà wo lẹ bi mí?”

Kò pariwo, ìyẹn ló tiẹ̀ burú jù.

“Mo rò pé...”

“Ẹ rò. Ẹ̀yin àti ẹ̀rọ jọ rò ó. Ẹ̀yìn kọ́tìnnì yìí ni mo ti ń ránṣọ lójoojúmọ́, ẹ ò yọjú bi mí. Tó bá ṣẹlẹ̀ pé Bàbá kú síbi tí ẹ gbé wọn lọ, gbogbo ẹbí á ní ìyàwó ni ò jẹ́ kí wọ́n rílé gbé. Èmi ni wọ́n máa ní mo pa wọ́n.”

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá jáde, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó rí ara rẹ̀ nínú òbìrìkìtì.

“Èmi lẹ kọ síbẹ̀ yẹn?”

“Bàbá, ẹ lọ sinmi,” nọ́ọ̀sì bẹ̀ ẹ́.

“Ìsinmi ọ̀hún ti fẹ́ pa mí.” Ó rọra jókòó. “Ìyàwó mi, ṣé lóòótọ́ lo ní o ò gbà?”

“Bàbá, ẹnikẹ́ni ò bi mí.”

Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ Ọ̀gá Ètò. Ó ti ń la ẹnu láti sọ pé ẹ̀rọ náà ló ṣi òun gbọ́. Irọ́ náà ti wà lórí ahọ́n rẹ̀, kò sì ní ná an ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ń wò ó, ojú sì tì í.

“Èmi ni,” ó wí. “Èmi ni mi ò fẹ́. Ẹ̀rọ náà béèrè ìdí lọ́wọ́ mi, mi ò sì lè kọ ọ́ pé èmi ni.”

“Kí ni mo ṣe fún ọ?” Bàbá béèrè.

“Láti kékeré, tí ẹ bá ti ń wọlé bọ̀, mo máa ń ronú ohun tí mo ṣe tí kò dáa. Láti ìgbà tí ẹ ti dé yìí náà, mo kàn ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ níbi iṣẹ́ ni. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, ẹ̀rù yín ṣì ń bà mí, Bàbá.”

Arúgbó náà nàka sí kọ̀ǹpútà.

“Ẹ̀rù rẹ ń ba èmi náà báyìí,” ó wí. “Tí o bá ti ṣí kọ̀ǹpútà yìí, mo máa ń rò ó pé ibi tí o fẹ́ gbé mi lọ lò ń wá. Mo sì mọ̀ pé èmi ni mo gbàgbé iná. Mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀.”

Nọ́ọ̀sì nu ojú rẹ̀. Ọ̀gá Ètò wo bàbá rẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ó ti darúgbó. Ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó sì yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Kò sí ètò kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá àwọn ọmọ,” ó wí, “ṣé o máa gbà kí Bàbá máa gbé lọ́dọ̀ wa?”

Ìyàwó fa àga kan, ó jókòó sáàárín wọn.

“Ó máa le fún mi,” ó wí. “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó ti máa le, kí n tó dá yín lóhùn.”