Àmì Tó Wà Láàárín Orúkọ Méjì

Ìwé tó dé bá Verna Stroud láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kò gùn. Ilé-iṣẹ́ tó ṣe fíìmù ló fi ránṣẹ́, láti sọ bí orúkọ àwọn tó kọ eré náà yóò ṣe hàn lójú sinimá. Orúkọ Morrie Adelstein ló ṣáájú, tirẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì kọ "and" sáàárín méjèèjì, lẹ́tà mẹ́tà gbọọrọ.

Ará ìta lè béèrè pé kí ló burú níbẹ̀. Ní Hollywood, ó burú. Bí òǹkọ̀wé méjì bá jókòó sídìí tábìlì kan náà kọ eré, "&" ni wọ́n ń fi sáàárín orúkọ wọn, àmì kan tó lọ́ bí okùn tí wọ́n ta ní kókó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan fún ẹlòmíràn pé kó wá tún un ṣe, lẹ́tà mẹ́tà yẹn ni wọ́n ń kọ. Kò sí òǹkọ̀wé kan láti Burbank títí dé etí òkun tí kò mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ Verna ò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ogún ọdún ni òun àti Morrie fi kọ eré pọ̀. Morrie á máa rìn kiri inú yàrá, ẹnu rẹ̀ ò ní sinmi. Verna á máa kọ ọ́ sílẹ̀, á sì máa gé e kúrú. Fíìmù mọ́kànlá ló tọwọ́ wọn jáde, méjì nínú wọn sì dára. Eré yìí, ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò obìnrin méjì tó ni ilé ìtura létí aṣálẹ̀, ni wọ́n kọ kẹ́yìn, kò sì rí ẹni rà á. Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ fíìmù kan pe àwọn méjèèjì sí ìpàdé lórí iṣẹ́ tuntun. Morrie dá lọ láìsọ fún un, ó sì dá gba iṣẹ́ bọ̀. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé: iṣẹ́ náà forí ṣánpọ́n, Verna sì ti lọ.

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé níbi ìsìnkú ẹlẹgbẹ́ wọn, wọ́n á kàn mi orí síra wọn ni. Nígbà tí eré tó ti ń gba eruku wá rí ẹni rà á, Verna nìkan ni wọ́n pè pé kó fọwọ́ kàn án díẹ̀. Bí lẹ́tà mẹ́tà yẹn ṣe wọ àárín nìyẹn.

"Ẹ má dá wọn lóhùn rárá," ni Trish, obìnrin tó ń bá a wá iṣẹ́, wí lórí fóònù. "Gbogbo ìlú á máa sọ pé ẹ̀yin lẹ gba eré yẹn là."

"Gbà á là? Ta ló ń rì?"

Ó dun Verna wọra. Lójú tirẹ̀, ogún ọdún ni wọ́n fẹ́ fi lẹ́tà mẹ́tà pa rẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ kí wọ́n yí i padà, òun àti Morrie gbọ́dọ̀ jọ kọ̀wé, kí àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i kó tó di Ọjọ́bọ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni yóò tún lọ kanlẹ̀kùn ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́? Ó bínú sí ọ̀rọ̀ náà títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wá mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó dorí kọ ilé Morrie ní Van Nuys.

Morrie jókòó sábẹ́ igi òroǹbó wẹ́wẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì dúdú àti kùkúmbà oníkíkan.

"Ọ̀gá Pẹ́ńsù!" ló wí. "Tó bá jẹ́ ìjà lo bá wá, jókòó ná. Orúnkún mi ò lè dúró jà mọ́."

"Ahọ́n ẹ ńkọ́? Ṣé ó ti rẹ òun náà?"

"Àfi tí mo bá kú. Jẹ búrẹ́dì."

"Ó ti le."

"Ìwọ náà ò rọ̀ mọ́."

Verna gbé ìwé náà ka iwájú rẹ̀. Morrie nà án jìnnà sójú, ó kà á, ojú rẹ̀ sì fà ro.

"Wọ́n ní o tún iṣẹ́ mi ṣe."

"Bí wọ́n ṣe wí nìyẹn."

"Ṣé o tún un ṣe lóòótọ́?"

"Mo gé ọ̀rọ̀ ẹ kúrú ni."

"Ìyẹn wá di àtúnṣe? Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ẹ́! Mú pẹ́ńsù, jẹ́ ká dá wọn lóhùn."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí ìjókòó, Verna ń kọ.

"Ẹ̀yin ẹni ọ̀wọ̀, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ń ràn yọ̀ọ̀ lórí òkè..."

"Morrie."

"Kí ló dé?"

"Kí ló kan oòrùn nínú ẹjọ́ yìí?"

"Mo fẹ́ kí wọ́n rí wa ni!"

"Wọn ò fẹ́ rí wa. 'Àwa méjèèjì la jọ kọ ọ́.' Ó parí."

Wọ́n fa gbólóhùn mẹ́rin mọ́ra wọn lọ́wọ́ títí òjìji igi fi kúrò lórí tábìlì. Verna ò mọ̀ pé òun ti ń rẹ́rìn-ín. Ó kù díẹ̀ kí wọ́n fọwọ́ sí i ni Morrie ní kó gbé pẹ́ńsù wá, òun fẹ́ fọwọ́ ara òun fi nǹkan kan kún un. Ó kọ ọ́ pẹ́, ó ti ìwé náà sọ́dọ̀ Verna, ó sì kọjú sí igi òroǹbó. Ohun tó kọ nìyí: "À bá ṣì jọ máa kọ̀wé títí dòní, bí kì í bá ṣe pé mo dá lọ síbi tí wọ́n pe àwa méjèèjì sí. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ọjọ́ tí kì í dùn mí."

Verna kà á, ó tún un kà. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì fi pa mọ́. Lẹ́yìn náà ó gba pẹ́ńsù, ó fa ìlà gbọọrọ kọjá lórí gbogbo rẹ̀.

Morrie yíjú padà. "O gé e?" Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Èyí tó dáa jù níbẹ̀ lo gé yẹn, Verna."

"Mo mọ̀. Kì í ṣe tiwọn. Tèmi ni."

Ó da ìyókù kọ sórí bébà tuntun, àwọn méjèèjì sì fọwọ́ sí i. Ó ká ti àkọ́kọ́ sínú báàgì rẹ̀. Ó wá ní kí Morrie fún òun ní kùkúmbà sí i, kó sì sọ ìtàn tó wà lọ́kàn rẹ̀, torí òun mọ̀ pé ọ̀kan ò ní ṣàì sí níbẹ̀.

Morrie di tábìlì mú, ó dìde, orúnkún rẹ̀ ń dún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.